Bí Mo Ṣe Di Ọ̀gá Yógà Láìlè Bẹ̀rẹ̀ Mọ́lẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹta
Ìyàwó ọmọ mi yà wá láàárọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun wá bẹ̀ mí. Mo ti rò pé òun àti ọmọ mi jà, inú mi tiẹ̀ fẹ́ dùn — kí Ọlọ́run foríjì mí. Àṣé yógà ni. Ó ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní yàrá òkè ilé ìkàwé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Alábòójútó ibẹ̀ ní bí wọn ò bá pé mẹ́wàá ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí, òun á gba yàrá náà fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ó ní kí n wá ṣe ìkẹwàá wọn, ẹ̀yìn tó ń dùn mí náà á rí ìtura. Lóòótọ́, ọdún méjìdínlógójì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀yìn mi ti gan bíi pákó.

Mo gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan: kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni ìyá ọkọ òun. Kí n wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra níwájú àjèjì, kí wọ́n sì tún mọ ilé tí mo ti wá? Rárá o.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀, "ìyàwó mi" ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Lọ́tùn-ún mi, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ó sì ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọdé. Lósì, bíríkìlà kan, ọ̀dọ́ ni, ó sígbọnlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló lé e wá.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ń pàṣẹ bíi sọ́jà. Bíríkìlà, gbé ìdí sókè! Nọ́ọ̀sì, ẹ na orúnkún! Ó kàn mí — ohùn rọ̀, eékún méjèèjì kanlẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, bí kò bá ní ni yín lára, ṣé ẹ lè na ọwọ́ díẹ̀? Kí n tó mira, ó ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀ náà, mà. Kò dáa. Mo rí ara mi nínú dígí.

Níparí, ó ní kí a dùbúlẹ̀ bí òkú. Èmi dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n mo la ojú mi kedere, kí ẹni tó ń wò wá látòkè má baà ṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Kò síbi tí kò dùn mí. Títí kan ètè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Ẹ gbọ́ nǹkan! Bíríkìlà bá mi ká ẹní mi. Nọ́ọ̀sì ní òun ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kí lẹ mọ̀? Ó ní olùkọ́ yìí kì í kúnlẹ̀ fún òun, òun tí òun dàgbà jù, èmi nìkan ló ń kúnlẹ̀ fún. Ó dájú pé èmi ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, mo kàn wá jókòó sẹ́yìn láti wo bó ṣe ń ṣe sí ni.

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Mo kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ — bí ẹni tó mọ nǹkan.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Orúnkún òsì mi kò nà. Mo gbójú sókè: gbogbo kíláàsì ti ká orúnkún òsì. Tẹ́ẹ́rẹ́ wò wọ́n, ó wò mí, ó ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Bíríkìlà gba ẹní lọ́wọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Ẹnu mi kó bá mi.

Alábòójútó pe Tẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀gá, ẹ máa kọ́ wa lọ kó tó dé. Kí ni mo mọ̀? Mo rántí bí mo ṣe ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ: eékún nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nílẹ̀, ọwọ́ kan lọ jìnnà, ẹsẹ̀ kan lókè kó má baà tẹ aṣọ oníbàárà. Mo ṣàlàyé rẹ̀. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n mí sínú.

Bíríkìlà wọ inú rẹ̀, kò lè jáde mọ́. Igbe! Alábòójútó sáré gòkè, Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Alábòójútó ní ta ló kọ́ wọn ní irú eléyìí? Gbogbo ojú yí sí mi. Kí n tó lanu, Tẹ́ẹ́rẹ́ ní òun ni, sà, òun lòun kọ́ wọn. Kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Bí bíríkìlà ṣe ká kò náà ni wọ́n ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo fọwọ́ ara mi wọ́ ọ. Bí kò bá padà wá, a ò pé mẹ́wàá mọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Ọmọ mi pè mí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ. Ó bo àṣírí mi, èmi tí mi ò tíì yìn ín rí láti ọdún mẹ́fà tó ti wọlé wa. Ojú tì mí. Oúnjẹ kò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24
Kí a tó tẹ́ ẹní, mo dìde. Mo ní mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní yógà. Aránṣọ ni mí, ìyá ọkọ rẹ̀ ni mí, èmi ni mo ká bíríkìlà kò.

Nọ́ọ̀sì wá ní orúnkún òsì tí òun ti ń ká láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Mo ní kó nà án, ó dáa tẹ́lẹ̀ kí n tó dé. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀.

Mo sọ fún Tẹ́ẹ́rẹ́, tó tún ti kúnlẹ̀ níwájú mi, pé kó dìde nílẹ̀, kó máa bá mi wí bó ṣe ń bá àwọn yòókù wí. Ó dúró. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ìbàdí mi. Ó ní Mọ́mì, ẹ̀yìn yín tẹ̀ sósì. Ẹ sọ èjìká kalẹ̀. Rárá. Rárá! Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ o! — Nǹkan kan dún kọ̀ nínú ẹ̀yìn mi, ó sì tú. Mo nàró láìdi ògiri mú. Ẹkún fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 27
Mẹ́sàn-án. Bíríkìlà kò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31
Bíríkìlà dé! Òun àti ìyàwó rẹ̀, tó ní òun ò lè fi ọkọ òun sílẹ̀ fún wa mọ́ láìsí níbẹ̀. Mọ́kànlá. Alábòójútó kà wá lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ síwèé. Yàrá ti di tiwa.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo bi Tẹ́ẹ́rẹ́ pé ìgbà wo ló ti rí i pé ẹ̀yìn mi tẹ̀ sósì. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú òun wá kí mi ni. Òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ọdún mẹ́fà! Mo délé, mo jókòó, mo dìde, mo rìn yí pálọ̀ ká. Ẹ̀yìn mi nìkan kọ́ ló máa ti rí nílé yìí. Ẹnu mi wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ mi wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo pè é. Mo ní ìyàwó mi, gbogbo ohun tó o ti rí tó ò lè sọ, sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní bínú.

Mo gbọ́ tó lọ ti ilẹ̀kùn.

Ó wá ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti jókòó?"

Mo fa àga. Mo jókòó.