Ọjọ́ Tí Mo Dá Ọ Dúró Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Àkọ́bí mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Ara wa le níbí, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ṣì ń dùn ún. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kẹ̀kẹ́ tí mo ń tún ṣe pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, torí mo ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ̀ ọ́.

Oníwáyà tó o rán wá ti gbé dẹ́kódà náà dé. Ó ní ó máa ń gba ètò sílẹ̀ kéèyàn lè wò ó nígbà tó bá wù ú. Bọ́tìnì pupa la fi ń gbà á sílẹ̀, èyí tó ní ìlà méjì la sì fi ń dá àwọn tó wà nínú ètò náà dúró. Mo bi í pé ṣé ẹni tí a dá dúró kò ní bínú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò séwu. Mo tún lọ bá télọ̀ tó múlé tì wá, mo ní kó má bínú, kó máa bọ̀ nílé wa bó bá fẹ́ wo eré tó fẹ́ràn, torí mo ti gbà á sílẹ̀ sínú tiwa, kò lè sí lórí tirẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tó o kọ́kọ́ wá sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ilé télọ̀ yìí ni ìyá rẹ wà, ó ń dán aṣọ wò. Bí mo ṣe rí ọ báyìí, orí mi wú. Mo ní ìyá rẹ ò gbọ́dọ̀ pàdánù èyí, ni mo bá tẹ ìlà méjì. O dúró gbagidi, o nawọ́ sókè, o lanu sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́ pé kó o ní sùúrù, mo sì sáré jáde. O kúkú mọ orúnkún ìyá rẹ, a lò tó ogún ìṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ ṣì wà létí aṣọ rẹ̀, télọ̀ sì ń tẹ̀ lé wa tòun ti tépù lọ́rùn. O ṣì dúró síbẹ̀! Omi bọ́ lójú mi. Mo tẹ̀ ẹ́ padà, o sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ, o ò tilẹ̀ wò mí níwòkuwò. Ìyá rẹ ní o ti rù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé wà lára rẹ.

Télọ̀ ló da ọkàn mi rú. Ó ní àwọn tó kù tó ń wò ọ́ ńkọ́, ṣé gbogbo wọn ló dúró fún ogún ìṣẹ́jú nítorí obìnrin kan tó ń dán aṣọ wò? Ó ní ọ̀gá wo ni yóò gba irú ẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ kà á sí, àfi ìgbà tó di Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, tí ọkùnrin apárí kan wá ń sọ̀rọ̀ òjò. Mo pè ọ́, kò wọlé. Láti ìgbà náà, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ọmọ mi, jọ̀wọ́, fi lẹ́tà yìí han ọ̀gá rẹ, kó mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti gbé rìmóòtù fún ìyá rẹ, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Owó oṣù dẹ́kódà máa tán lỌ́jọ́bọ̀. Bó o bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bá wa fi ránṣẹ́, ká lè rí ọ lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti lé ọ, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Fi owó náà wọkọ̀ wálé. A ti gbá yàrá rẹ, a sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ojú kò ní tì ọ́, ọ̀nà rẹ kò ní dí, ibi tó o bá dúró sí, wọn á gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó kàn fẹ́ kí ìyá rẹ rí ọ.