A Ṣi Oṣù Ọmọ Náà Kà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le níbi tí o sá sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò tíì yọ́ sí ọ. Ara tèmi le, Kékeré ọmọ rẹ sì ń jẹun dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó rẹ ṣì wà ní dídì, kò lè ránṣọ.

Má rò pé mo ti gbàgbé ọjọ́ yẹn. O ti ibi iṣẹ́ wẹ́dà dé, o bá Kékeré nínú bàsíà tí mo fi aṣọ ká a mọ́, orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. O ní ọmọ oṣù mẹ́jọ kò lè jókòó, kí ìyá rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn. Kó tó dáhùn, o ti fọ́ ọ létí. O ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣubú, o sì fi páìpù irin lu ọwọ́ tó fi bo ojú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dá. Eyín rẹ̀ kan bọ́ sínú bàsíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Àfìgbà tí mo bù ọ́ jẹ lọ́rùn ọwọ́ kí o tó sọ páìpù sílẹ̀, mi ò sì ní tọrọ àforíjì. Ìyá tó bí ọ ló bù ọ́ jẹ, kì í ṣe ajá.

Ṣùgbọ́n òótọ́ korò: èmi ni mo dá iná náà. Àràárọ̀ ni mo ń gbé ọmọ sínú bàsíà, tí mo ń wí fún ọ pé oṣù mẹ́fà ni gbogbo ẹ̀yin ọmọ mi jókòó, pé a kò rí irú èyí rí nílé wa. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nílé ìwòsàn tí mo gbé ìyàwó rẹ lọ, a pàdé nọ́ọ̀sì àgbà tó tọ́jú Kékeré lọ́jọ́sí nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí. Mo ní kó bá mi wo ọmọ tí kò lè jókòó. Ó yẹ káàdì wò, ó ní ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ wá sáyé, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù rẹ̀, tí a bá ń wo ìjókòó, ìrákòrò àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní, "Mà, ọmọ oṣù márùn-ún lẹ ń fipá mú jókòó." Ó wá wo ojú ìyàwó rẹ tó wú. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

Lánàá, ọmọ pé oṣù mẹ́sàn-án ní ìkà tiwa, mẹ́fà ní ìkà tòótọ́. Mo gbé e kalẹ̀ sórí ẹní, mo yọwọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó mì díẹ̀, ó jókòó, ó ń wò wá bí ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Mo bi í pé kí ni kí n kọ sí ọ. Ó ní, "Mà, ẹ kọ ọ́ sí i pé ọmọ ti jókòó. Ẹ má kọ ọ́ pé kó máa bọ̀."

Mo ti kọ ọ́ bó ṣe wí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìbínú rẹ sọ ọ́ di apànìyàn. Orí rẹ kò ní burú.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò ní ọmọkùnrin mìíràn.

Ohun tí mo gbàgbé: Nọ́ọ̀sì ní títí Kékeré yóò fi pé ọdún méjì la ó máa yọ oṣù mẹ́ta yẹn kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan la ó máa ka ti ọjọ́ ìbí fún. Ìyàwó rẹ ní ìgbà tí ọmọ bá pé ọdún méjì yẹn ni òun yóò tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ.