Ike Ẹ̀tù Tó Wà ní Yàrá Bàbá

Yèyé mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àtọjọ́, ẹ kú ara fẹ́ra kù láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Mo kí Délé àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí Olúọdẹ Ìpáò àti gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ. Mo kí olùkọ́ tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí wọ́n sì kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Ẹ má bínú pé ojú gbogbo ènìyàn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ara mi le. Òtútù ti dé sí Amẹ́ríkà níhìn-ín, yìnyín ti sọ ilẹ̀ di funfun láti ẹnu ọ̀nà mi dé orí òkè. Ní ọjọ́ Àìkú mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí a kò ju ogún lọ. Wọ́n á bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n á bi mí bóyá òtútù ti mọ́ mi lára, n óò ní ó ti mọ́ mi lára, ọ̀rọ̀ wa á sì tán síbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ ti máa ń bi mí nípa iṣẹ́ mi, n kì í sì í ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ilé iṣẹ́ kékeré ni. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni ín. Ọkọ rẹ̀ tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti kú. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kò gbà á, Mà ni mo ń pè é. Ọta ìbọn la ń dì. Kì í ṣe ti irú ìbọn tí àwọn ọdẹ wa ń lò. Ti ìbọn ìléwọ́ ni, ṣùgbọ́n irú èyí tó tóbi débi pé ọwọ́ méjèèjì ni ọkùnrin fi ń dì í mú. Bí wọ́n bá yìn ín, fúnra rẹ̀ ni yóò tu ìkarahun ọta náà dànù, tí yóò sì ki òmíràn bọ ẹnu. Àwọn tó ń fi í ṣeré ìdárayá àti àwọn tó ń fi í dẹ ìgbẹ́ a máa ṣa ìkarahun idẹ náà nílẹ̀ wá fún wa. A ó fọ̀ ọ́, a ó wò ó bóyá ó ti sán, a ó tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, a ó fi ohun tó ń tanná sí ìdí rẹ̀, a ó wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, a ó sì fi òjé dé e lórí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, ọwọ́ la sì fi ń ṣe é.

Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀tù wíwọ̀n ló ṣòro. Bí ó bá kéré, ìbọn náà kò ní lágbára láti ki òmíràn, yóò há. Bí ó bá pọ̀, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló ń lọ. Òṣùwọ̀n tí a ń lò, bí ènìyàn bá mí sí i, yóò mì. Bàbá ì bá rẹ́rìn-ín. Àtẹ́lẹwọ́ ni Bàbá fi ń wọn ẹ̀tù ṣakabùlà rẹ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan bí ó ṣe ń mọ̀ pé ó tó, ó ní ìbọn òun kò tíì pe òun lẹ́jọ́.

Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, n kò wọn ẹ̀tù. Ìkarahun ni mo ń fọ̀, mo sì ń gbálẹ̀. Ìgbà náà ni mo fi dúrọ́ọ̀mù ẹrù ránṣẹ́ sí yín. Mo bu ẹ̀tù díẹ̀ níbi iṣẹ́ láìtọrọ, mo rọ ọ́ sínú ike ìpara, mo tì í sínú ọ̀kan nínú bàtà tí mo rà fún Bàbá. Olè ni mo jà, ó sì lòdì sí òfin níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Bàbá yóò fi hàn láàárín ẹgbẹ́ ọdẹ pé ọmọ òun rán ẹ̀tù òyìnbó. Ó sì fi hàn. Ó gun òkè tí fóònù ti ń gbọ́ lọ, kí ó lè sọ fún mi pé ulé kún, pé Olúọdẹ fi imú fa á, ó sín. Ó ní òun kò ní yìn ín títí n óò fi dé, kí àwa méjèèjì jọ yìn ín. N kò dé. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà tí Bàbá kú ní ọsibítù ní Ìdó, ẹ sì sin ín láìsí mi níbẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni Mà fi mí sí ìdí òṣùwọ̀n. Kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan, ó da òkìtì kékeré méjì sórí pákó. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀tù ayé àtijọ́, ó dúdú bí èédú tí a lọ̀, ọmọ ìyá èyí tí àwọn ọdẹ wa ń lò. Èkejì ni tiwa, ó ń dán bí èso tẹ̀tẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fi ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ bu èkejì sínú ìbọn àtijọ́, ìbọn náà yóò fàya mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ó ní ọ̀rẹ́ ọkọ òun kan dán an wò, ojú kan ló fi ń wòran títí ó fi kú. Mo jókòó. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní ká ní ọkọ òun ṣì wà láyé ni, ì bá ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, ṣùgbọ́n oríkèé ń dun òun, òun kò lè máa wá ọwọ́ mìíràn kiri. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi pé kí n pe ilé.

Délé ni mo bá sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Amẹ́ríkà ti sọ mí di ẹni tó ń sá fún ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó ní ṣé mo gbàgbé pé a kì í jogún ẹ̀tù ọdẹ ni, pé lọ́jọ́ ìrántí ọdún kan Bàbá ni ẹgbẹ́ ọdẹ yóò yin gbogbo èyí tó kù láti fi bu ọlá fún un. Ó ní ẹ̀tù òyìnbó yẹn ni òun yóò ki sínú ṣakabùlà Bàbá, òun ni yóò sì kọ́kọ́ yìn, kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ìkọ̀lé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Yèyé, ẹ̀yin náà mọ bí Délé ṣe ń gbọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín. Délé ní ẹ ti yàrá Bàbá pa láti ọjọ́ ìsìnkú, pé ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà, pé ẹ kò wọlé, ẹ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í fọwọ́ kan ẹrù ọdẹ ní ìlú wa. Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi bá Bàbá gbé, ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn lẹ ti ń gbé oúnjẹ fún un. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún wúwo. Ẹ ṣí i kí ọjọ́ ìrántí tó pé. Ike funfun ni, ìdérí rẹ̀ búlúù; inú àpótí igi tí Bíbélì Bàbá wà ni ó sọ fún mi pé òun fi í sí. Ẹ má rán Délé, ẹ má rán ọdẹ kankan, nítorí ọkùnrin tó bá gbé e yóò fẹ́ dán an wò. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ sí oko ní ọ̀sán, kí iná má sí nítòsí. Ẹ fọ́n ọn káàkiri ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì bu omi lé e. Ẹ má dà á sí ààrò, ẹ má dà á sí ààtàn tí wọ́n ń sun.

Olúọdẹ, bàbá mi, ẹ forí jì mí, ẹ má sì bá Yèyé wí pé obìnrin wọ yàrá ọdẹ. Èmi ni mo rán wọn. Ẹ̀tù inú àdó Bàbá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń lò, ni kí ẹ yìn fún un. Délé, máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí o bá fẹ́. Mo fẹ́ bá ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nílé.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, Yèyé mi. Ọjọ́ ìrántí náà yóò kọjá láìsí ẹkún mìíràn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìpáò, àti àwọn àna wa ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Bí ẹ bá sì ti rí ike náà, ẹ má kánjú jáde. Ẹ kọ́kọ́ jókòó sórí ibùsùn Bàbá díẹ̀, kí ẹ bá mi jókòó níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Adébáyọ̀.