Níbi Tí Kò Sí Ìpolówó
Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹjọ, 2015

Gbogbo Ajégúnlẹ̀ pátá ni mo kó kúrò lórí ìkànnì tí ayé ń lò, mo kó wọn lọ sórí tuntun tí kò ní ìpolówó kankan.

Bísí, ọmọge mi, wá bá mi ní Malu Road lónìí. Ó ní òun ń padà síbi àtijọ́.

"Ṣé ìpolówó ibẹ̀ ò sú ẹ ni?"

"Olódo! Ibẹ̀ ni mo ti ń polówó bàtà tí mọ́mì mi ń tà. Níbi tìẹ yìí, ta ló máa rà á? Ìwọ?"

Mo fi ẹ̀rín bò ó, àmọ́ ọkàn mi ti gbọgbẹ́. Ibẹ̀ nìkan la ti ń sọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò lè yọjú sí i.

Irọ́ ni ti Ajégúnlẹ̀ yẹn. Bísí nìkan ló tẹ̀lé mi débẹ̀.