Ètò Ohùn Tí Ọ̀rẹ́ Yín Bà Jẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Mo nírètí pé ara gbogbo yín le, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ti fúyẹ́. Ara tèmi náà le. Inú mi ni kò dùn.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi, pé kí n lọ parí ìjà pẹ̀lú Ọ̀gá Béèsì, ọ̀rẹ́ yín, pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ forí jì mí pé mo ń pe ẹgbẹ́ yín ní "ó". "Wọ́n" ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀, ẹnu mi ò gbà á mọ́. Ọkùnrin náà ń rí mi lára.

Ẹ mọ̀ pé etí kan ṣoṣo ló kù fún àbúrò wa obìnrin látìgbà àìsàn yẹn, ìyẹn gan-an kì í sì í gbọ́ ohùn tín-ín-rín. Ẹ̀rọ géèmù kékeré tó máa ń fọwọ́ méjèèjì dì mú ni fàájì rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn inú géèmù ń sọ kì í yé e. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tún ohùn rẹ̀ tò. Mo bá jókòó, mo kọ ètò kan tí èèyàn lè kì bọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀: á dín ohùn tó rinlẹ̀ kù, á gbé èyí tó tín-ín-rín sókè. Mo wá fi ìdènà sí i, pé bí ohùn bá ti fẹ́ ju ohun tí etí lè gbà, kó dá a dúró. Ọjọ́ tí àbúrò wa kọ́kọ́ lò ó, ó ní, "Àṣé èébú ni obìnrin inú géèmù yìí ń bú mi látọjọ́ yìí." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n mú Ọ̀gá Béèsì mọ́ra, pé ó mọ àwọn èrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dé yàrá mi pẹ̀lú íápíìsì tí ìdọ̀tí etí ti gbẹ mọ́ lára, ó ní kí n fi gbọ́ orin. Mo ní mi ò fẹ́. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún nà án sí mi. Kò pẹ́ tí íápíìsì ọ̀hún fi kú, kò sì ra òmíràn. Sípíkà kékeré ara ẹ̀rọ ló wá fi ń dán gbogbo nǹkan wò.

Nígbà tí a gbé ètò náà síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń kọ̀wé pé béèsì rẹ̀, ìyẹn ohùn tó rinlẹ̀, kò dún tó, àfi kí àyà àwọn máa mì. Ọ̀rẹ́ yín kò bi mí o. Ó yọ ìdènà kúrò, ó fi sípíkà tí kò ju èékánná lọ dán an wò, èyí tí kò lè pariwo bó ti wù kó rí. Ó ní ó dára. Ó gbé e síta pẹ̀lú àwòrán ara rẹ̀ níwájú, ó ń gba "ẹ kú iṣẹ́" kiri. Àbúrò wa rí i pé ètò wa ti di ọ̀tun, ó gbà á sórí ẹ̀rọ, ó ki íápíìsì bọ etí. Ilé ìdáná ni mo wà nígbà tó ké. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ó ti ju ẹ̀rọ sílẹ̀, ó di etí mú.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ yín nílé. Ó ń jẹun, kò dúró. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó kì í bọ etí?" Ó ní àwọn tó ń yin òun pọ̀ ju ẹnì kan ṣoṣo tó ń sunkún lọ. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń fi ìka ro etí, ó wo ohun tó rí níbẹ̀, ó fi ra ara àga, ó padà sídìí oúnjẹ. Mo yíjú, mo jáde.

Mo ti dá ìdènà náà padà, mo ti gbé e síta, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má lo ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí etí ọmọ ẹlòmíràn náà kì í ṣe igi. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ èmi àti ọ̀rẹ́ yín parí sí. Bí a bá pàdé lọ́nà, màá kí i, màá kọjá lọ. Ẹ má tún bá a bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ojú, etí àti ọkàn gbogbo ará ilé yín. Kó má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa mú ẹni tí yóò ṣe wá níbi wọlé.

Èmi ni,
Àbúrò yín tó tẹ̀ lé yín.

Àfikún: Àbúrò wa ní kí n sọ fún yín pé òun rí i pé ẹ pe òun lórí fóònù lánàá. Ó gbé e, ó fi sétí, ó wá ń wo ojú mi, ó ní ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé ni kí ẹ máa kọ sí i.