Ọbẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Bàbá

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, ọbẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí ẹ fi aṣọ funfun dì ni mo gbé lọ síbi àjọ̀dún oúnjẹ àdúgbò láàárọ̀ yìí. Mo rò pé èyí tí a fẹ́ tà ni. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti ṣí i, tí mo fi ṣíbí tọ́ ọ wò.

Ìyá Lamduan tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ìyàwó, ṣé o ò rí aṣọ funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ọrẹ ni? Àjẹkù ẹnu ẹ lo fẹ́ kí àwọn àlùfáà tẹ́ḿpìlì Búdà gbà lórúkọ bàbá ọkọ ẹ?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé òní ló pé ọdún tí Bàbá kú. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọ̀ ọ́.

Mo ra pẹ́pẹ́yẹ sísun, mo sáré wálé se òmíràn. Ó wà lórí ààrò. Ẹ gbé e lọ sí tẹ́ḿpìlì kí oòrùn tó kàn àtàrí, torí àwọn àlùfáà kì í jẹun mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Mo ti padà síbi ìsọ̀; n ò lójú tí mo fẹ́ fi wò yín.

N ò tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin náà, ẹ má tọ́ ọ wò. Bó bá tẹ́ lẹ́nu, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Wọ́n mọ̀ pé n kì í se ọbẹ̀ láìtọ́ ọ wò.

Rampha