Omi Ọ̀pẹ Tí Méṣákì Sè

Abúlé Alágbàá,
Ọ̀nà Ìjàyè,
Akínyẹlé, nítòsí Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kejì, 1962.

Àkànbí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ́ṣọlá ńkọ́, ṣé ikọ́ tí ó ń hú nígbà Kérésìmesì ti lọ? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé wọn dé ọjà? Àwa níhìn-ín ń dúpẹ́. Títíladé ti wọ Sítáńdádì Kejì, Ọmọ́wùnmí sì ní kí n kí yín púpọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú kí kànga wa rẹlẹ̀, okùn tí a fi ń fa omi ti fi apá mẹ́ta gùn ju ti ọdún tó kọjá lọ, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí omi fà.

Àlejò kan wọ̀ sí ilé mi, ọjọ́ mẹ́jọ ni ó sì lò. Méṣákì ni orúkọ rẹ̀. Erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Róte ni ó ti wá, ní ìhà Indonéṣíà. Mo wá ibẹ̀ lórí máàpù ilé ìwé títí, n kò rí i. Ìpàdé àwọn ìjọ ni ó bá wá sí Ìbàdàn, wọ́n wá pín àwọn àlejò káàkiri abúlé. Nítorí pé èmi ni akọ̀wé ìjọ, tí mo sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni tiwa dé sí. Mo ra ìrẹsì ṣílè méjì sílẹ̀ dè é. Ó ju ìlàjì ìrẹsì náà lọ tí ó ṣì wà nílẹ̀ di òní. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rọra ti àwo sẹ́yìn, ó ní nílé àwọn, àwọn kì í sábà jẹun láàárọ̀, mímu ni àwọn ń mu. Mo ní kí ni wọ́n ń mu? Ó nawọ́ sí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé mi, ó ní, "Tua."

Bàbá Ọláníran, alàgbà wa, ti wá kí àlejò, wọ́n jókòó tì wá. Wọ́n ní, "Wándé, kí ni ó wí?"

Àkànbí, kí ni ìwọ ìbá wí? Ohun tí ń ti ara ọ̀pẹ jáde tí a ń mu, orúkọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n sí. Mo ní, "Bàbá, ó ní ẹmu ni òun fẹ́."

Bàbá gbé fìlà wọn, wọn kò dágbére.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé ẹni tí yóò jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú ti ń bèèrè ẹmu kí ó tó bọ́jú tán. Ìyá Mojí pàdé ìyàwó mi lójú kànga, ó ní, "Ọmọ́wùnmí, ṣé ẹ ti ra agbè fún ajíhìnrere yín?" O mọ̀ pé ìjọ aládùúrà wa kò fi ọ̀rọ̀ ẹmu ṣeré. Wọ́n pe ìpàdé sí ọ̀sán Sátidé, láti pinnu bóyá àlejò yóò dúró síwájú ìjọ tàbí kò ní dúró, àti bóyá kí wọ́n gba ìwé akọ̀wé lọ́wọ́ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ ìwé náà.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Méṣákì, ojú tì í púpọ̀. Ó ní ilẹ̀ wọn jẹ́ òkúta, òjò wọn kò sì ju oṣù mẹ́rin lọ, nítorí náà igi ni oko wọn. Igi náà ni ìbátan àgbọn olódù tí ó wà lẹ́bàá ilé ìwé wa. Ó lọ gbá a mọ́ra bí ẹni rí ọmọ ìyá rẹ̀. Ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ilé, òun ni wọ́n fi ń hun fìlà, òun náà ni korobá. Ọkùnrin kan lè gun ogún igi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: ogójì ni gígùn, ogójì ni sísọ̀. Omi dídùn tí wọ́n bá gbà lára rẹ̀, òun ni tua, wọn a sè é títí yóò fi ki bí oyin, wọn a rọ ọ́ sínú ìkòkò de ìgbà ọ̀dá, wọn a sì máa fi omi là á mu. Ó ní èyí tí ó bá kan wà lóòótọ́, àwọn kan sì ń mu ún, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn ń jẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́mu abúlé kejì. Méṣákì gé ewé àgbọn olódù, ó ká a, ó dì í, ó di korobá tí kò jo ẹ̀kán omi kan. Ó ní agbè àtijọ́ ni ó ń mú kí omi náà tètè kan. Lẹ́yìn náà ni ó gun ọ̀pẹ láìmú igbà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lásán. Ẹlẹ́mu ké, "Akọ̀wé, ẹ ní kó sọ̀ o! Bó bá jábọ́, ta ni yóò bá mi rojọ́ ní téṣàn?" Méṣákì ti dé òkè kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Òwúrọ̀ mẹ́ta ni a fi ṣe é. Ìgò mẹ́sàn-án wọnú ìkòkò, ìgò kan ni ó jáde, igi ìdáná ṣílè kan sì jóná. Ní ti owó, ṣúgà ni n ó máa rà.

Mo gbé ìgò náà lọ sí ìpàdé. Bàbá Ọláníran ní, "Kí ni èyí?"

Mo ní, "Bàbá, ohun tí ìbá di ẹmu ni, kò tíì di ẹmu."

"Ọmọ ejò tí kò tíì gùn, ejò kọ́ ni? Méṣákì inú Bíbélì, iná kò jó o. Tiwa yìí ń fi iná se ẹmu!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín rín. Mo ní kí wọ́n ṣáà tọ́ ọ wò.

Ó yẹ kí n rán ọ létí irú ẹni tí Bàbá jẹ́. Kí wọ́n tó gba ìrìbọmi ní 1931, kò sí ẹlẹ́mu tó wọn láti ibí dé Ìjàyè. Ọjọ́ ìrìbọmi náà ni wọ́n sun igbà wọn níná. Owó tán nílé, Dàpọ̀ àkọ́bí wọn sì kúrò ní ilé ìwé lẹ́yìn ọdún kan péré. Dàpọ̀ tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní oríta Adégbàyí lọ́dọ̀ yín náà ni. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò tẹ ilẹ̀ abúlé yìí.

Bàbá kán an sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n lá a. Wọ́n tún lá a. Wọ́n ní, "Kí ni ó fi sí i?"

"Kò fi nǹkan kan sí i, Bàbá. Ewé tútù àti iná ni."

"Iná nìkan?"

"Iná nìkan ni, Bàbá."

Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Wándé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlejò yóò jẹ́rìí." Bí mo ṣe mọ̀ pé ìwé akọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Méṣákì jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo ṣe ògbufọ̀, mo sì ń fi ara balẹ̀ lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó padà sí Ìbàdàn láná.

Bá mi kí Màmá, kí o sì sọ fún Ọmọ́ṣọlá pé ìwé ìṣirò tí mo ṣèlérí ń bọ̀.

Ní ọ̀sán àná, Bàbá Ọláníran wá bá mi, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí Dàpọ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti ilé ìwé dé ni a ti jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Ìlà kẹta ni ó pẹ́ jù. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé àwọn ìbá máa gun ọ̀pẹ nìṣó, kí àwọn sì máa fi iná sè é, láìfi ìjọ sílẹ̀, pé àwọn kò mọ̀. Mo fi í sínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú èyí. Jọ̀wọ́, má rán ẹnikẹ́ni. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un fún Dàpọ̀, kí o sì kà á sí i létí, nítorí pé ọdún kan tí ó lò ní ilé ìwé kò tó ka lẹ́tà.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Akínwándé.